Ìwé Tí Ọmọdé Fẹ́ Fi Han Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà tí aṣọ funfun ṣì wà lára yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ lónìí, ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà náà jọ̀ọ́ bá wa dẹtí sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí mo ti kọ́kọ́ rò lọ.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun kan, nínú ilé wa ní Houston, a ti bọ Ọ̀ṣun tán, obì ti yàn, àwọn obìnrin ń kó àwo ẹ̀kọ àti àkàrà kúrò nílẹ̀. Bàbá kan tó jẹ́ awo, àgbà tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, rí ìwé kan létí ẹní tí a fi ń foríbalẹ̀. Àwòrán ọmọdébìnrin kan wà lára èèpo rẹ̀. Bàbá fi ìka méjì gbé e sókè bí ẹni gbé òkú eku, ó ní, “Ta ló gbé eré ọmọdé wá síwájú Ọ̀ṣun?” Ilé pa rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 12, kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ni ín. Mo fẹ́ fi han Ọ̀ṣun ni.”

Bàbá kò bá a wí. Ó gbé ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí.” Mo mú un lọ sílé, mo sì kà á ní òru méjì. Lẹ́yìn náà mo ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ nínú ilé wa kà á, kí a sì jókòó lé e lórí. Ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tí ọ̀rọ̀ wọn tú síta nínú èmi fúnra mi, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Orúkọ ìwé náà ni Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Èkó tó sì ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìtàn rẹ̀. Godwin Akpan, ọmọ Nàìjíríà bákan náà, ló ya àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 2021, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2025, wọ́n sọ ọ́ di kátúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìtàn ọmọ òrukàn kan ni, Iyanu, tí kò mọ ibi tó ti wá. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olori ló tọ́ ọ dàgbà. Ìlú olódi kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elu, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ará ibẹ̀ nítorí àwọn ẹranko tí ègún ti bà jẹ́. Lọ́jọ́ kan, agbára tí ọmọ náà kò mọ̀ pé òun ní jáde lára rẹ̀, agbára tó jọ ti àwọn ẹni ńlá inú ìtàn àtijọ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Biyi àti Toye, sì bọ́ sójú ọ̀nà.

Kí n má purọ́, ẹwà ìwé náà wọ̀ mí lójú. Ẹni tó ya á mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń la igbó kọjá. Ó mọ bí aṣọ ṣe ń dì mọ́ ara ẹni tó ń sáré. Nígbà tí mo rí odi ìlú yẹn, Èrèdó Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló wá sí mi lọ́kàn, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí àwọn baba wa fi ọwọ́ lásán gbẹ́. Mo ka ìwé ní yunifásítì, mo ka lítíréṣọ̀ àwọn ará ibòmíràn títí ojú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà ọmọdé mi n kò rí ìwé kan tó fi odi irú ìlú wa hàn mí bí ibi tí ohun ìyanu ti lè ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí a jókòó, ẹnu kò kò rárá.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò rí ẹ̀bi kankan lára àwòrán náà, pé àròsọ ni òun ń bẹ̀rù. Ó ní, “Àwọn tó kọ ìwé yìí fúnra wọn pè é ní àròsọ. Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé àròsọ ni ìlú, àròsọ ni aṣọ, àròsọ ni agbára, ta ni yóò sọ fún un pé Ọ̀yọ́ kì í ṣe àròsọ, pé Ifá kì í ṣe àròsọ?”

Ìyá ọmọ náà, nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ òru wá, fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ sọ ọmọ yìí lórúkọ. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni kì í ti í fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ yẹn síta. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní lẹ́tà méjì. Ọ̀sẹ̀ tó ka ìwé yìí tán ló dúró níwájú kíláàsì tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pè é. Èmi kò lè bá ìwé yẹn jà.”

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan wà láàárín wa, oníṣàngó tó ti ṣe òrìṣà láti ọdún mẹ́fà. Ó ní kí òun tó gbọ́ orúkọ Ṣàngó, òun ti mọ òrìṣà àrá àwọn òyìnbó láti inú ìwé àwòrán, pé òun mọ òòlù rẹ̀, òun mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní òun ìbá fẹ́ kí irú Iyanu wà nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀sùn tirẹ̀: pé ìwé náà gba aṣọ wa, ó gba orúkọ wa àti odi wa, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn òrìṣà, ó pè wọ́n ní Divine Ones. Ó ní, “Wọ́n mú agbádá, wọ́n fi ẹni tó ni ín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.”

Arábìnrin wa tó wá láti Salvador, ní Bahia, rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ìlú tiwọn, ayàwòrán kan, Hugo Canuto, pe àwọn òrìṣà ní orúkọ gan-an nínú ìwé rẹ̀, Contos dos Orixás, ó sì ya wọ́n pẹ̀lú igẹ̀ àti apá bí àwọn akọni tí Jack Kirby máa ń yà ní Amẹ́ríkà. Ó ní nínú ilé òun fúnra òun, àwọn ọ̀dọ́ lẹ ẹ mọ́ ògiri, ìyá òun sì béèrè pé ìgbà wo ni òrìṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin ní ilé ìdárayá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí àwòrán lè ṣe. Àwòrán ló pa Mãe Gilda.”

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ìyálórìṣà ni Mãe Gilda ní Salvador. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan gbé fọ́tò rẹ̀ jáde láìgba àṣẹ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn àti olè jíjà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn dojú kọ òun àti ilé òrìṣà rẹ̀. Àìsàn ọkàn kọlù ú, ó sì kú ní ọjọ́ 21, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2000. Òfin tí Brazil ṣe ní 2007 ló sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìgbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Arábìnrin wa ní, “Nítorí náà, ẹni tó bá ya wá pẹ̀lú ẹwà, bí kò tilẹ̀ ya wá dáadáa tán, èmi kò ní í kọ́kọ́ lé e. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, bóyá òkúta ló wà níbẹ̀.”

Wọ́n yíjú sí mi. Àgbà tí wọ́n fi ẹjọ́ lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè dá ẹjọ́ náà, nítorí pé èmi gan-an ni ẹlẹ́bi.

Ní 2006, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 10. Mo ti ṣe òrìṣà ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, ní Òṣogbo, ojú mi sì le bí ojú ẹni tó rò pé òun nìkan ni Ọ̀ṣun fi ilé rẹ̀ ṣọ́. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a lórí tábìlì ilé ìdáná, ó tẹ orí ba ìwé, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ bó ti máa ń yọ nígbà tó bá ń ṣe ohun tó gbà á lọ́kàn. Ó ya Ṣàngó. Ó fi aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sí i lẹ́yìn bí ti àwọn akọni inú ìwé àwòrán rẹ̀. Ó fi oṣé sí i lọ́wọ́. Ó fi mànàmáná sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e sókè fún mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wò ó, tiwa lágbára ju tiwọn lọ.”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fà á ya sí mẹ́rin lójú rẹ̀. Mo ní, “Òrìṣà kì í ṣe eré.”

Kò sunkún. Ó kó ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó tò wọ́n lé ara wọn, ó rìn lọ síbi agbọ̀n ìdọ̀tí, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 29 báyìí. Ẹnjiníà ni, ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òrìṣà, ohùn rẹ̀ á rọra yí, á ní, “Mo ti gbọ́ yín, Mọ́mì.” Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún rí i kó ya ohunkóhun.

Ohun tí Bàbá sọ lórí ẹní ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi gbọ̀n nígbà tó gbé ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ àwòrán, mo sì rí i pé ọ̀nà tí mo gbà lòdì sí ti ọmọ mi kò bá àṣà wa mu rárá. Ta ló sọ pé àwọn baba wa kò ya àwòrán? Ẹ wo ọpọ́n Ifá, ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin, ẹ wo ère ìbejì. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sára ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ bí ọkùnrin náà ṣe jókòó sínú àga tí wọ́n fi gbé e wá. Ohun tó jẹ́ tuntun ní ayé rẹ̀ ló gbẹ́. Ní Cuba, nígbà tí wọn kò lè gbé Ṣàngó síta, àwòrán Santa Barbara ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, pẹ̀lú aṣọ pupa àti idà rẹ̀, òrìṣà sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ní Òṣogbo, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó dé Nàìjíríà ní 1950, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú mọ ère ńláńlá sínú igbó Ọ̀ṣun, ère tí kò jọ èyí tí ojú ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wọn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n gé igbó náà tán. Ní 2005, UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ara ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Iwájú irú ère bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbé omi Ọ̀ṣun. N kò béèrè lọ́jọ́ náà bóyá ó jọ ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà mú lọ sílé. Ẹ wo oṣé Ṣàngó dáadáa. Ta ni àwọn agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ sára rẹ̀ jù? Obìnrin tó kúnlẹ̀ ni. Ẹdùn àrá méjì wà lórí rẹ̀, ó gbé e láìmira, ojú rẹ̀ tutù. Ṣàngó fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àfi agbára rẹ̀. Ẹni tó ń sìn ín ni ère náà fi hàn wá. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé kò sí ọbẹ tó lè gbẹ́ ojú òrìṣà tán, wọ́n sì gbẹ́ ẹni tí òrìṣà gbé ẹrù lé lórí.

Nígbà tí mo tún ìwé Iyanu kà pẹ̀lú èrò yìí, ìwé mìíràn ni mo bá níbẹ̀. Ọmọdébìnrin yẹn kì í ṣe òrìṣà. Kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni, tí ohun tó jù ú lọ gba ara rẹ̀ kọjá, tí ẹ̀rù ń bà á, tí kò mọ bí yóò ṣe gbé e. Ẹni tó kúnlẹ̀ sábẹ́ ẹdùn àrá ni. Ọmọ ọdún 12 wa ti rí èyí kí gbogbo àwa àgbà tó rí i. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ fi ìwé náà han Ọ̀ṣun: ó rí ẹni tó jọ ọ́, ó fẹ́ kí Ìyá rẹ̀ mọ ọ́n.

Èyí kò ní kí n gbójú fo àléébù ìwé náà, ó sì ní méjì tó kàn wá gidigidi.

Èkíní ni ti ohùn. Kò sí àmì ohùn lórí àwọn orúkọ inú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ń kà á fún wa, Bàbá pe obìnrin tó tọ́ Iyanu ní Olórí, ìyá ọmọ náà pè é ní Olorì, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn. Ṣé ẹni tó ń darí ni àbí aya ọba? Nínú ìwé òyìnbó, ó lè má já mọ́ nǹkan. Ní ilé òrìṣà, ohùn ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ibi tí a rán an. Ẹni tó fẹ́ bọ orí, tó pè é ní òrí, ohun ìpara ló ń kí. Ẹni tó pe Ọ̀ṣun bí osùn, ohun pupa tí a fi ń kun ara ló pè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ orúkọ láti inú ìwé aláwòrán nìkan. Ẹ kà á, kí ẹ sì wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Èkejì ló wúwo jù. Àwọn ìtàn akọni òde òní fẹ́ràn ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ kan wà tí a yàn láàárín gbogbo ayé, agbára rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ tàn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá: gbogbo wa la kúnlẹ̀, gbogbo wa la yàn. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà yan orí, ọba yan orí. Kò sí ẹni tí a kò yàn, kò sì sí ẹni tí a yàn ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tó kù ni bí ẹsẹ̀ ṣe gbé orí lọ sí ibi tó yàn.

Mo ń sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ìjókòó wa. Ìyàwó òrìṣà kan dúró dè mí títí gbogbo ènìyàn fi lọ. Obìnrin tó ti lé ní ọdún 30 ni, ó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọdé. Ó ní, “Ìyá, oṣù mẹ́rin ti pé. N kò rí nǹkan kan. N kò lálàá, ara mi kò gbóná, ohun tí mo béèrè kò tíì dé. Ṣé wọ́n ṣe é tán lóòótọ́? Àbí èmi kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n ṣe fún?” Omijé wà lójú rẹ̀. Ó ní òun ti fẹ́ da ìlẹ̀kẹ̀ òun padà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ka ìwé ọmọdé náà, ó sì jowú ọmọ inú rẹ̀.

N kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́, pé púpọ̀ nínú yín tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí ní ìbéèrè yẹn lábẹ́ ahọ́n, ojú ló ń tì yín. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, “Nínú ìwé yẹn, ta ni ó wà pẹ̀lú ọmọ náà kí ìmọ́lẹ̀ tó dé?” Ó ronú, ó ní, “Olori.” Mo ní, “Kí ló ń ṣe fún un?” Ó ní, “Ó ń kọ́ ọ.” Mo ní kó lọ tún ojú ewé wọ̀nyẹn kà, èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣí kọjá kíákíá nítorí pé kò sí ìjà níbẹ̀.

Mo sì sọ ti ara mi fún un. Ní ọdún tí mo ṣe òrìṣà, mo rò pé mo máa rí Ọ̀ṣun lójú korojú. Ìyá tó kọ́ mi ní Òṣogbo ní kí n máa gbálẹ̀ ojúbọ, kí n máa pọn omi, kí n sì máa kí gbogbo ẹni tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ẹni tí n kò fẹ́ràn. Mo bínú sí i. Mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́, ó fi ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó ṣàkíyèsí pé n kì í tètè bínú mọ́, pé ẹni tó bá ń sunkún máa ń wá jókòó tì mí láìmọ ìdí. Ìyá náà ní, “O rí i báyìí? Omi ti ń wọ inú ìkòkò, o sì ń wojú ọ̀run.” Ìwà ni ibi tí àṣẹ máa ń gbé. Kì í tàn yanran láti àtẹ́lẹwọ́. Ìyàwó náà gbọ́. Kò sọ pé òun gbà. Ṣùgbọ́n ó wá ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn, ó sì mú ìgbálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Nípa ẹjọ́ tí Bàbá fi lé mi lọ́wọ́, ibi tí a fẹnu kò sí nìyí. Ìwé àwòrán kò ní í wà lórí ẹní, kò sì ní í wà lójúbọ. Bàbá dúró lórí èyí, mo sì gbà pé òótọ́ ni. A kan pákó kékeré kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni Iyanu wà báyìí, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọdé á mú ìwé kan, àgbà kan á bá wọn kà á, a ó sì ya èyí tó jẹ́ àròsọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ tiwa. Bàbá ní òun kò ní í wá. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, ó sọ ìtàn Ṣàngó fún wọn fún wákàtí kan, ọmọ mẹ́ta sì ń ya ohun tó ń sọ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wo ìwé ọ̀kan nínú wọn, ó ní, “Fi kún irun rẹ̀. Ó máa ń dirun ni.” Mo wọ ilé ìdáná lọ kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ya òrìṣà bí akọni inú kátúùnù, ẹ má fà á ya. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé kí ló dé tó fi ya á bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin mọ̀. Ọmọ tó ya òrìṣà ti ń pè é.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ mi pè. A sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un, mo sọ ti ọmọ tó fẹ́ fi han Ọ̀ṣun. Mo ní, “Mo fa àwòrán rẹ ya ní 2006. Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú.” Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé ẹ ṣì ní àwòrán náà ni?” Mo ní rárá, pé ìwọ fúnra rẹ lo kó o dà nù. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ rántí ni.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì fi ọ̀rọ̀ òrìṣà kún un. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó béèrè orúkọ ìwé náà, mo sì pè é fún un pẹ̀lú ohùn tó yẹ ẹ́.

Kí Ọ̀ṣun bá wa tọ́ ọmọ wa, àwọn tó wà nílé àti àwọn tí a fi ọwọ́ ara wa lé jìnnà. Àṣẹ.